Bí ẹ bá fẹ́ mú àwọn ọmọ lọ wo igbó láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Benin), bí mo ṣe máa ń ṣe é nìyí

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, jókòó ti màmá wa àgbà lálẹ́ ọjọ́ kan, màmá ń sọ fún un pé agbe ló ni aró, àlùkò ló ni osùn, lékeléke ló ni ẹfun. Ọmọ yẹn yíjú sí mi, ó ní, "Tọ́ntọ́n, lékeléke mo mọ̀ ọ́n, ó máa ń tẹ̀lé màlúù kiri, àlùkò ńkọ́, ibo ló ń gbé?" Mi ò rí èsì kankan fún un. Àjàṣẹ́ ni wọ́n bí mi sí, àárín ìlú ni mo dàgbà sí, mo mọ orúkọ àlùkò láti kékeré ṣùgbọ́n mi ò tíì fojú ara mi rí i. Ó dùn mí gan-an. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń kó àwọn ọmọ ilé wa àti ti àdúgbò lọ sígbó, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù tí ọwọ́ bá gbà á, ohun tí mo ti rí kọ́ lẹ́nu ẹ̀ ni mo fẹ́ kó kalẹ̀ síbí kí ẹlòmíì má bàa ṣe àwọn àṣìṣe tí mo ṣe.

Àkọ́kọ́: ẹ bẹ̀rẹ̀ látibi tó súnmọ́

Tí wọ́n bá ti dárúkọ ẹranko igbó ní Benin, Pendjari, igbó ẹranko ńlá apá àríwá, ló máa ń sọ sí gbogbo èèyàn lọ́kàn. Kò burú, erin wà níbẹ̀, kìnnìún wà níbẹ̀, lọ́dún 2017 UNESCO kà á mọ́ ogún gbogbo ayé pẹ̀lú igbó W àti igbó Arly. Ṣùgbọ́n ní oṣù karùn-ún 2019 wọ́n jí Faransé méjì tó wá wo ẹranko gbé níbẹ̀, wọ́n pa ọmọ Benin tó ń mú wọn kiri, nígbà tó sì di 2022 wọ́n tún pa àwọn olùṣọ́ igbó ní W. Nítorí náà èmi ò mú ọmọ ẹnikẹ́ni lọ sí apá àríwá lọ́hùn-ún báyìí, ẹ̀yin náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi owó pọ́ọ́kú tàn yín lọ.

Ibi tó wà nítòsí tó wa. Nínú ìlú níbí gan-an, Jardin des Plantes wà, àwọn Faransé ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1895 láti fi dán irúgbìn wò, inú igbó ọba ayé àtijọ́ ló sì wà. Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ó ṣí lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ lọ. Ibẹ̀ ni ọmọ kékeré ti lè rí ìrókò kó fọwọ́ kan ara ẹ̀, kó wo òkè títí ọrùn á fi máa dùn ún, láìsí pé ẹ wọ mọ́tò lọ síbì kan. Tí ọmọ ò bá lè farabalẹ̀ fún wákàtí kan níbẹ̀, kò tíì tó ẹni tó ń lọ sígbó ńlá.

Lẹ́yìn ìyẹn, Adjarra. Zẹ́mì, ìyẹn ọ̀kadà, ló máa gbé yín débẹ̀, odò dúdú sì ń dúró dè yín, ewé tó ń jábọ́ sínú omi tó ń jẹrà níbẹ̀ ló sọ omi ẹ̀ di dúdú bí tíì tó pọ́n jù, kì í ṣe ìdọ̀tí o. Ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ni wọ́n máa fi wà yín lábẹ́ igi. Ọ̀sà Àjàṣẹ́ fúnra ẹ̀ àti ìsàlẹ̀ odò Wẹ̀mẹ̀, títí dé Aguégués, wà lára ilẹ̀ omi tí wọ́n kọ sínú ìwé Ramsar lọ́dún 2000, ìyẹn ni pé gbogbo ayé ti gbà pé ó yẹ ní títọ́jú, àwa tó ń gbé etí ẹ̀ ni a kì í sábà mọ̀.

Tí ẹ bá ti mọ ọ̀nà díẹ̀, ẹ lè gba ọ̀nà Sakété lọ sí Pobè, igbó tó kù níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1922 ṣe é lọ, tàbí kí ẹ tẹ̀síwájú dé Kétu. Ibòmíì ni àfonífojì Sitatunga lọ́nà Zinvié, ẹgbẹ́ CREDI-ONG ló ń bójú tó o pẹ̀lú àwọn ará abúlé, ẹranko tó jọ àgbọ̀nrín kan, sitatunga fúnra ẹ̀, wà níbẹ̀ tó ń gbé inú àbàtà, pátákò ẹsẹ̀ ẹ̀ gùn ó sì yà kó má bàa rì, tí ẹ̀rù bá bà á ó máa ń ri ara ẹ̀ sínú omi tá á ku imú nìkan síta. Lẹ́yìn ìyẹn ni igbó Lama, èyí tí mo fẹ́ràn jù. Lọ́dún 1946 ni wọ́n sọ ọ́ di igbó ìjọba. Igi tíìkì tí wọ́n gbìn ló yí i ká, àárín ẹ̀ ni igbó gidi ṣẹ́kù sí, níbẹ̀ sì ni ọ̀bọ oníkùn pupa wà, ọ̀bọ tí kò sí níbòmíì láyé yìí àfi ilẹ̀ Benin, Togo àti Nàìjíríà. Ẹ ro ìyẹn wò. Àwọn ará Yúróòpù ń wọ bàlúù wá wò ó, àwa ń kọjá lójú ọ̀nà Bohicon, a kì í tilẹ̀ yíjú.

Ìkejì: ẹ wá onílẹ̀ kí ẹ tó wọlé

Ibí ni mo ti fẹ́ kí ẹ farabalẹ̀ kà á. Igbó kankan ò wà tí kò ní olówó. Igbó tí ìjọba ń ṣọ́, ọ̀dọ̀ àwọn Eaux et Forêts lẹ ti máa béèrè, Lama ní tiẹ̀ ONAB, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí igi, ló ń mójú tó o, ẹ lọ síbẹ̀ tàbí kí ẹ pè ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ẹ sọ iye èèyàn, ọjọ́ orí àwọn ọmọ, àti ohun tí ẹ fẹ́ wá ṣe. Ẹ béèrè iye owó ìwọlé, iye ti gídì, ìyẹn ẹni tó máa mú yín kiri, ẹ sì gba reçu, ìwé ẹ̀rí owó. Ẹ má lọ bá forestier kan, òṣìṣẹ́ tó ń ṣọ́ igbó, lójú ọ̀nà kí ẹ rọra fún un ní nǹkan kó jẹ́ kí ẹ wọlé lẹ́yìn, èyí ń ba igbó jẹ́ ju àáké lọ.

Igbó òrìṣà àti igbó orò yàtọ̀. Láti 2012 ìjọba Benin ti ṣe ìlànà fún títọ́jú igbó òrìṣà, ṣùgbọ́n kí òfin tó dé ni àwọn bàbá wa ti ń fi èèwọ̀ ṣọ́ ọ, ìdí nìyí tí ìrókò ńlá fi kù níbẹ̀ nígbà tí gbogbo àyíká ti di oko. Ẹ lọ kí baálé abúlé, ẹ kí ẹni tó ń bọ ibẹ̀, ẹ mú ọtí tàbí obì dání bí wọ́n ṣe ń ṣe é ládùúgbò yẹn, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ kúnlẹ̀, ẹ sọ̀rọ̀ bí ọmọ. Tí ẹ bá rí màrìwò tí wọ́n ta dí ojú ọ̀nà, ibẹ̀ lẹ ti máa padà, ẹ ò tilẹ̀ ní béèrè ìdí. Tí ẹ bá sì ní obìnrin láàárín yín, ẹ rí i dájú pé orò ò ní jáde lọ́jọ́ yẹn, àwọn ará ibẹ̀ á sọ fún yín tí ẹ bá béèrè. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ òrìṣà mọ́ nítorí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, mi ò bá wọn jà, ilé onílé ni kí wọ́n kàn kà á sí, èèyàn kì í wọ ilé onílé láìkàgò.

Ìkẹta: àsìkò

Lápá ìsàlẹ̀ níbí òjò ńlá máa ń rọ̀ láti oṣù kẹrin sí oṣù keje, òjò kékeré láti oṣù kẹsàn-án sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá. Oṣù kejìlá sí oṣù kejì ni mo fẹ́ràn, ọ̀nà gbẹ, ewé ti já lórí àwọn igi kan ojú sì ríran jìnnà, ẹranko ń wá sí etí omi tó ṣẹ́kù. Ẹ má gbójú lé Lama lásìkò òjò rárá, èdè Potogí ni orúkọ yẹn, ẹrẹ̀ ló túmọ̀ sí, amọ̀ dúdú ibẹ̀ á sì gba bàtà lẹ́sẹ̀ yín. Ọyẹ́ máa ń mú láàárọ̀ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn yẹn, ẹ mú súwẹ́tà fún àwọn ọmọ.

Aago ṣe pàtàkì ju oṣù lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo kó àwọn ọmọ lọ, aago 11 la dé, oòrùn ti ń ta, a rìn títí, ẹyọ ẹyẹ kan là ò rí, ọmọ kan bi mí bóyá wọ́n ti pa ẹranko tán ni. Àárọ̀ kùtù ni ọ̀bọ ń jẹun, láti bí aago 6 sí aago 9, wọn á tún jáde lẹ́yìn aago 4 ìrọ̀lẹ́, ọ̀sán gangan sùn ni gbogbo wọn ń sùn. Nítorí náà tí ibẹ̀ bá jìnnà, ẹ lọ sun abúlé tó wà nítòsí lọ́jọ́ tó ṣáájú. Tó bá jẹ́ Adjarra, aago 5 àárọ̀ ni kí ẹ kúrò nílé.

Ìkẹrin: ẹrù

Omi ni olórí ẹrù. Lítà méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan fún ìdajì ọjọ́, nínú bídọ́ọ̀nù, kì í ṣe pure water inú ọ̀rá, òfin tó de ọ̀rá nílẹ̀ wa ti wà láti ìparí 2017 ṣùgbọ́n ẹ ṣì máa rí i lórí igi káàkiri. Ṣòkòtò gígùn, ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n fa sórí ẹsẹ̀ ṣòkòtò nítorí eégbọn àti ìjàlọ, bàtà tó bo ẹsẹ̀ tó sì ti mọ́ ẹsẹ̀ lára, ẹ má ra bàtà tuntun fún ìrìn yìí. Aṣọ tó jọ àwọ̀ ewé tàbí eruku, kì í ṣe pupa tàbí funfun. Fèrè rẹfirí kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, kó so ó mọ́ ọrùn. Báńdéèjì, ọṣẹ, oògùn ẹ̀fọn, oògùn tí ẹnikẹ́ni ń lò lójoojúmọ́, tọ́ọ̀ṣì. Ọtí, rárá o, rédíò, rárá.

Oúnjẹ tí kì í rùn jù ni kí ẹ mú: gàrí, kúlíkúlí, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹyin sísè. Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà ẹ ó kó o padà wálé, ọ̀bọ tó bá ti ń jẹ ohun tí èèyàn jù sílẹ̀ kò ní sá fún èèyàn mọ́, ọdẹ ló sì máa jẹ àǹfààní ìyẹn.

Ohun kan tí àwọn èèyàn kì í rántí ni ìwé àti pẹ́ńsù, ìwé kékeré kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, mo máa padà sórí ẹ̀.

Ìkarùn-ún: ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ lálẹ́

Kúkúrú ni. Èèyàn mẹ́jọ tó, tí ẹ bá ju bẹ́ẹ̀ lọ ẹ pín ara yín. Àgbà kan níwájú, àgbà kan lẹ́yìn, kò sí ọmọ tó máa kọjá tiwájú. Ẹni tó bá sọnù kò gbọdọ̀ rìn, kó dúró sábẹ́ igi tó bá wà, kó fọn fèrè lẹ́ẹ̀mẹta, kó sinmi, kó tún fọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é nínú àgbàlá kí ẹ tó lọ. Ẹ fi ibi tí ẹ ń lọ àti aago tí ẹ máa padà sílẹ̀ fún ẹnì kan nílé, nẹ́tíwọ̀kì MTN tàbí Moov lè má sí nínú igbó.

Ìkẹfà: nínú igbó gan-an

Tí ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà, ẹ dúró. Ẹ má tíì wọlé. Ìṣẹ́jú márùn-ún kí ojú mọ òkùnkùn abẹ́ igi, kí etí gbàgbé ariwo mọ́tò. Gídì ló máa ṣíwájú, tí ẹ bá rí i yàn, ẹ yan ẹni tó ti ṣọdẹ rí tàbí tí bàbá ẹ̀ ṣọdẹ, ẹni tó ka ìwé nìkan á sọ orúkọ Látìnì fún yín, ẹni tó mọ igbó á fi ìka kan ilẹ̀, á ní "ẹtu kọjá níbí láàárọ̀ yìí, ìrì ò tíì sí nínú ẹsẹ̀ ẹ̀". Tí ẹ bá rí méjèèjì nínú ẹnì kan, ẹ má jẹ́ kó lọ, ẹ san owó ẹ̀ pé.

Ẹ rìn ogún ìṣísẹ̀, ẹ dúró, ẹ gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ìrìn igbó ṣe rí. Èèyàn tó ń sáré kì í rí nǹkan kan. Lẹ́yìn ìdajì wákàtí ẹ wá ibi tó mọ́, ẹ yẹ ìjàlọ wò nílẹ̀, kí gbogbo yín jókòó, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láìsọ̀rọ̀, láìfọwọ́ kan fóònù. Àwọn ọmọ á rojọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà wọ́n á dákẹ́, igbó á sì gbàgbé pé ẹ wà níbẹ̀. Ìgbà yẹn ni nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Ẹ̀ka igi mì lókè, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, èso jábọ́, ọmọ kan ti rí ọ̀bọ kí èmi tó rí i, ó di ọwọ́ mi mú kò sọ nǹkan kan, mi ò lè gbàgbé bó ṣe dì í mú.

Ìwé àti pẹ́ńsù wá báyìí. Ohunkóhun tí ọmọ bá rí, kó yà á, kò nílò kó dára, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ kó kọ orúkọ ẹ̀ ní Yorùbá, orúkọ ẹ̀ ní Gùn, orúkọ ẹ̀ ní Faransé. Gídì á sọ Gùn, èmi á sọ Yorùbá tí mo bá mọ̀ ọ́n, tí mi ò bá mọ̀ ọ́n a fi àyè sílẹ̀ láti béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà. Lọ́nà yìí ni mo fi rí i pé igi márùn-ún pére ni mo mọ̀ dájú, ìrókò, àràbà, ọ̀pẹ, ọsè àti àpá, ìyókù "igi" ni mo ń pè wọ́n. Màmá àgbà ló kún àwọn àyè tó ṣófo fún wa nílé, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ àgbo tí wọ́n ń fi èyí ṣe àti àìsàn tí wọ́n ń fi ìyẹn wò, ẹni ọdún tó ti lé ní ọgọ́rin, a ò tíì bi í léèrè ohun báyìí rí. Ẹ tètè bi àwọn tiyín.

Ẹ má já ewé lọ sílé, ẹ má he ẹyin ẹyẹ, ẹ má gbé ìjàpá. Òfin igbó ti wà láti 1993, ti ẹranko wà láti 2004, àwọn forestier sì lè mú yín tòótọ́.

Ìkeje: tó bá jẹ́ orí omi

Gilet, aṣọ tó ń mú èèyàn léfòó lórí omi, fún gbogbo èèyàn, títí kan ẹni tó mọ omi í wẹ̀, tí ọlọ́kọ̀ ò bá ní ẹ máa wá tiyín. Ẹ ka èèyàn tó wà nínú ọkọ̀, tí etí ọkọ̀ bá ku bí ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sí ojú omi, ẹnì kan gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Jíjókòó nílẹ̀ ọkọ̀ ni, kì í ṣe etí ẹ̀, ẹ má nàró ya fọ́tò. Lórí ọ̀sà atẹ́gùn máa ń le lọ́sàn-án, ẹ ti padà sétí bèbè kó tó di aago 11. Ní Adjarra kò fẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nítorí igi bò ó. Tí ẹ bá padà sórí ilẹ̀, ẹ wá ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbẹ́ ìlù, Adjarra lókìkí fún ìlù, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ béèrè igi tí wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ àti ibi tí wọ́n ti ń rí i báyìí. Ìdáhùn yẹn á kọ́ wọn ju ohun tí èmi lè sọ.

Ìkẹjọ: òkè Sábẹ̀ẹ́

Sábẹ̀ẹ́ tó nǹkan bí 250 kìlómítà sí Kútọnu, ìrìn ọjọ́ méjì ni. Àwọn òkè àpáta yẹn ló gba àwọn èèyàn wa là nígbà ogun Dàhòmì, a kì í gùn wọ́n bí ẹni gun àtẹ̀gùn ilé, ẹ béèrè láàfin kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀, wọ́n á fún yín ní ẹni tó mọ ibi tí wọ́n ń dé àti ibi tí wọn kì í dé. Ẹ gùn ún ní aago 6, kí ẹ ti sọ̀ kó tó di 10, àpáta máa ń gbóná débi tí yóò máa jó àtẹ́lẹwọ́. Tí òjò bá rọ̀ lóru, ẹ fi í sílẹ̀, àpáta tútù ń yọ̀ bí ilá. Sísọ̀kalẹ̀ ló ń ṣeni léṣe ju gígùn lọ, ẹ fi ìdí sọ̀ níbi tó bá dagun.

Ilẹ̀ Sábẹ̀ẹ́ yìí ni mo ti rí àlùkò, létí odò kan nísàlẹ̀ òkè, ní ọdún kẹta tí a ti ń lọ kiri. Ó dúdú lórí igi bíi pé aró ni, ẹnì kan á ní agbe ni, ó wá na ìyẹ́, ó fò kọjá omi, inú ìyẹ́ ẹ̀ pupa fòò. Osùn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pariwo, ẹyẹ lọ, mi ò bá a wí.

Ìkẹsàn-án: tí wàhálà bá dé

Ejò: ẹ má gé e, ẹ má fi ẹnu fà á, ẹ má fi okùn dè é pinpin, ẹ má fi òkúta dúdú tẹ̀ ẹ́ kí ẹ máa dúró. Ẹ yọ òrùka àti ìlẹ̀kẹ̀ kúrò, ẹ má jẹ́ kí ẹni náà rìn, ẹ gbé e, ẹ fi igi di apá tàbí ẹsẹ̀ náà kó má mì, ẹ gbé e lọ ilé ìwòsàn ńlá lọ́gán. Ẹ má wá ejò yẹn láti pa. Kí ẹ tó kúrò nílé ẹ ti mọ ilé ìwòsàn tó ní oògùn ejò ní agbègbè yẹn, ẹ pè wọ́n, ẹ béèrè bóyá ó wà nílẹ̀. Panápaná jẹ́ 118, ọlọ́pàá 117.

Oyin: ẹ sá, ẹ bo ojú, ẹ má bẹ́ sómi. Oòrùn tó mú ọmọ tí kò fẹ́ mumi mọ́ tí orí ń fọ́ ọ: abẹ́ igi, omi tútù lọ́rùn àti abíyá, ìrìn ti parí lọ́jọ́ yẹn fún gbogbo yín.

Ìkẹwàá: lẹ́yìn tí ẹ bá délé

Ẹ tú àwọn ọmọ wò fún eégbọn, ẹ̀yìn etí, abíyá, ìdí. Ibà tó bá mú ẹnikẹ́ni láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò, ẹ sọ fún dókítà pé ẹ lọ sígbó. Tí ẹ bá gbọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé igi níbi tí kò yẹ, ẹ sọ ọjọ́ àti aago fún àwọn Eaux et Forêts. Fọ́tò ọ̀bọ tàbí àlùkò, ẹ gbé e sórí WhatsApp tí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má kọ ibi tí ẹ ti rí i, ẹ sì pa lokéṣọ̀n fóònù kí ẹ tó yà á, àwọn ọdẹ náà ní fóònù.

Lọ́nà ilé ẹ máa rí àwọn tó na ẹran ìgbẹ́ sókè létí títì, ẹtu, ọ̀yà, nígbà míì ọ̀bọ. Àwọn ọmọ á wo ojú yín. Ẹ má dúró rà á. Mo ti rà á rí kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìrìn yìí, mi ò rà á mọ́.

Ìwé àwọn ọmọ, ẹ kó o síbì kan náà, ẹ kọ ọjọ́ sí i. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà, ọjọ́ igi tí a ti ń ṣe ní Benin láti 1985, a máa ń ṣí i, ọmọ kọ̀ọ̀kan á mú igi kan tó ti yà nínú ẹ̀, a máa wá irúgbìn ẹ̀ gbìn sí àgbàlá tàbí sí ẹ̀yìn ilé ìwé wọn. Ìrókò méjì, àpá mẹ́ta ló ti hù. Àpá kẹrin tí a gbìn, ewúrẹ́ ló jẹ ẹ́, a ti tún òmíràn gbìn, a sì ti fi ọgbà yí i ká.